Bí A Ṣe Tẹ̀lé Bààlúù Alcock àti Brown Dé Irà Clifden

Ọjọ́bọ̀, London

Ọ̀fẹ́ ni wíwọ Science Museum ní South Kensington, àmọ́ ó dáa kẹ́ ẹ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé torí èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ló kún gbogbo ìsàlẹ̀ lónìí. Èmi àti àbúrò mi ò tiẹ̀ yà síbì kankan, òkè pátápátá níbi tí wọ́n kó àwọn bààlúù sí la forí lé. Vickers Vimy la wá wò. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe jọ ọ́ o, òun gan-an ni, òun ni John Alcock àti Arthur Whitten Brown gbé sọdá òkun Àtìláńtíìkì láti Newfoundland (tó wà ní Kánádà báyìí) dé irà Clifden ní Ireland láìdúró lójú ọ̀nà, ọjọ́ kẹrìnlá mọ́jú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 1919. Ẹnì kankan ò ṣe irú ẹ̀ rí kó tó dìgbà yẹn. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti fi bààlúù tiwọn, NC-4, sọdá ní oṣù kan ṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n ń dúró sinmi lọ́nà ni, ó sì gbà wọ́n lọ́jọ́ púpọ̀. Lindbergh, páílọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pariwo, 1927 lòun tó lọ. Òun dá lọ, ìyẹn ló fi gbayì, New York sí Paris sì jìn ju ọ̀nà tiwọn lọ, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọdún mẹ́jọ ló fi kẹ́yìn wọn, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́.

Bààlúù náà tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 21, apá ọ̀hún sì wà ní ìpele méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, òpó pákó àti wáyà ló gbé wọn dúró. Ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Eagle méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ họ́sípáwà 360. Wọ́n ṣí ara ẹ̀ sílẹ̀ níbì kan kéèyàn lè rí inú, ibẹ̀ lẹ máa ti rí i pé pákó ni, aṣọ ni wọ́n fà bò ó tí wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún kó lè le. Mẹkáníìkì ni àbúrò mi, ó wò ó, ó yí i po, ó tún padà wá wò ó, ó ní, "Brọ̀dá mi, ṣé nǹkan tí wọ́n gbé sọdá òkun rèé? Ẹ ò lè fi èyí gbé mi dé Croydon tó wà nítòsí yìí o."

Ogun ni wọ́n ṣe é fún tẹ́lẹ̀. Rex Pierson ló ya àwòrán ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Vickers, kó lè máa ru bọ́ǹbù lọ sí Jámánì, ó kọ́kọ́ fò lóṣù kọkànlá 1917, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe èyí tó pọ̀ tó, ogun ti parí. Bààlúù wà nílẹ̀, iṣẹ́ ò sí fún un mọ́. Ìwé ìròyìn Daily Mail ní tiẹ̀ ti gbé £10,000 kalẹ̀ láti 1913 fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fi bààlúù sọdá òkun yẹn láàárín wákàtí 72, ogun ló dá ọ̀rọ̀ yẹn dúró, nígbà tí ogun wá ń parí lọ wọ́n tún gbé e jáde. Bí Vickers ṣe tú gbogbo ohun ìjà kúrò nínú Vimy kan nìyẹn, wọ́n wá to táǹkì epo síbẹ̀, gálọ́ọ̀nù 865.

Ibi tí wọ́n jókòó sí ni mo pẹ́ níbẹ̀ jù. Bẹ́ǹṣì kan báyìí ni, èjìká kan èjìká, kò sí òrùlé, atẹ́gùn àti òjò ló ń na èèyàn lójú. Kò pẹ́ tí wọ́n gbéra ni fáànù kékeré tó ń pèsè iná fún rédíò bàjẹ́, rédíò kú, kò sẹ́ni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ mọ́. Sàlẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì kan bẹ́, ariwo wá di méjì. Aṣọ oníná tí wọ́n wọ̀ nítorí òtútù, bátìrì ẹ̀ náà kú. Wọn ò lè gbọ́ ohùn ara wọn, ìwé pélébé ni Brown ń kọ, á wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i kí Alcock lè kà á. Kùrukùru nísàlẹ̀, ìkùukùu lókè. Nígbà tó di ìdájí, wọ́n já sínú ìkùukùu kan tó ki débi pé Alcock ò mọ òkè mọ ilẹ̀ mọ́, géèjì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń sáré tó há, bààlúù bá dúró lójú ọ̀run, ó yí, ó ń já bọ̀. Ibi tí wọ́n ti bọ́ sí gbangba, omi òkun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ògiri, wọn ò jìn sí i tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀, torí bààlúù ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Alcock tò ó padà. Kọ́ńpáàsì wá fi hàn wọ́n pé Amẹ́ríkà ni wọ́n dorí kọ padà!

Èmi o, lẹ́yìn Brown ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń ròyìn ìrìn-àjò yìí bíi pé Alcock ni dírẹ́bà, Brown wá jẹ́ kọ̀ńdọ́ tó kàn so mọ́ ọkọ̀. Ẹ rò ó wò ná. Lórí omi tí kò sí igi tí kò sí òkè, atẹ́gùn ń tì yín lọ sọ́tùn-ún sósì tẹ́ ò mọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ wà? Àfi kéèyàn rí oòrùn tàbí ìràwọ̀, kó fi sextant wọn bó ṣe ga tó, kó wo aago, kó wá ṣírò ẹ̀ nínú ìwé, gbogbo ẹ̀ nínú òtútù yẹn, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kú tipiri. Wákàtí lórí wákàtí, kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn aago méjìlá òru ló tó rí àlàfo nínú ìkùukùu, ó bá mú ìràwọ̀ Vega àti Polaris, ló bá mọ ibi tí wọ́n dé. Etí ilẹ̀ Ireland tí wọ́n wá yọ sí, ibi tí wọ́n ń fẹ́ náà ò jìn sí i rárá. Ọkùnrin yẹn kò ka iṣẹ́ yìí níléèwé kankan tó lórúkọ, ìgbà tó wà lẹ́wọ̀n ogun ló jókòó ti ìwé.

Ẹ tún máa gbọ́ pé Brown ń jáde sórí apá bààlúù lójú ọ̀run, léraléra, tó ń họ yìnyín kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ìtàn yẹn dùn létí, wọ́n sì ti sọ ọ́ títí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí Brown fúnra ẹ̀ kọ ni pé òun dìde lórí ìjókòó, òun sì nu yìnyín kúrò lójú géèjì epo kan tó wà níta. Ìyẹn náà tó mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò dáa, ogun ló bà á jẹ́.

Bààlúù tí obìnrin páílọ́ọ̀tì kan, Amy Johnson, gbé lọ sí Australia ní 1930, Jason lorúkọ ẹ̀, wà nínú gbọ̀ngàn kan náà, a wò ó, a kọjá. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wá.

Ọjọ́ Ẹtì, Weybridge

Ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo, kò pẹ́ rárá. Brooklands ni Vickers ti ṣe Vimy yẹn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ojú ọ̀nà ìsáré mọ́tò, 1907, ọ̀nà kọnkéré tó dagun sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí mọ́tò lè máa sáré yí i ká. Díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ gun òkè ẹ̀, ó yọ̀, mo rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gbé wa wá ni pé àwọn méjèèjì ló gba ibẹ̀ kọjá. Mẹkáníìkì ni Alcock nígbà tó dé Brooklands, ọ̀dọ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Ducrocq ló ti ń ṣiṣẹ́, ó wá kọ́ fífò níbẹ̀, ó gbàwé páílọ́ọ̀tì ní 1912, ọmọ ogún ọdún ni. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àbúrò mi nínú, ló bá ń wò mí bíi pé èmi ni mo dá a dúró tí kò fi di páílọ́ọ̀tì. Brown ní tiẹ̀, iṣẹ́ ló wá wá ní 1919. Ogun ti parí, ó ń wá nǹkan tó máa fi fẹ́ ìyàwó, Kathleen Kennedy lorúkọ ìyàwó àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Vickers, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ ọ̀rọ̀ ń lọ, wọ́n bi í bóyá ó lè tọ́ ọ̀nà bààlúù lórí òkun. Ó ní òun lè ṣe é. Bó ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ CV ojú ìwé mẹ́fà, ẹ kú iṣẹ́.

Vimy kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe jọ ti àtijọ́ ní 1994, tó sì fò dáadáa. Wọ́n gbé e lọ sí Australia lọ́dún yẹn, wọ́n gbé e lọ sí South Africa ní 1999, ní 2005 Steve Fossett àti Mark Rebholz wá gbé e láti Newfoundland dé Ireland, Rebholz náà fi sextant tọ́ ọ̀nà bíi ti Brown. Pápá gọ́ọ̀fù kan ní Connemara ni wọ́n bà lé, wọ́n gbọ́n, wọn ò wọ irà bíi ti Alcock àti Brown. Ó tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ajé la máa dé orí irà yẹn.

Concorde kan, bààlúù èrò tó ń sáré ju ìró lọ, wà níta. Èrò tó tò síbẹ̀ pọ̀ ju ti Vimy lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Àbámẹ́ta, Manchester

Old Trafford tẹ́ ẹ mọ̀ fún bọ́ọ̀lù, itòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Alcock, Seymour Grove, 1892. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí Man U kó wá sí pápá yẹn ní 1910. Brown, Glasgow ni wọ́n bí i sí ní 1886, ọmọ Amẹ́ríkà làwọn òbí ẹ̀, àmọ́ Manchester ló dàgbà sí, ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Trafford Park ló ti kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Itòsí ara wọn làwọn méjèèjì ti gbé, kí wọ́n tó mọra, ó di 1919 ní Weybridge.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan nípa wọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn owó wọ́n máa ń gbójú fò ó. Ẹlẹ́wọ̀n ogun làwọn méjèèjì. Brown wà nínú bààlúù tí àwọn Jámánì yìn lulẹ̀ ní Faransé ní 1915, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n mú un, nígbà tó yá wọ́n gbé e lọ sí Switzerland, 1917 ló tó padà sílé. 1917 yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì Alcock kú lójú ọ̀run nígbà tó ń lọ ju bọ́ǹbù ní ilẹ̀ Turkey, ó já sínú òkun lẹ́bàá Gallipoli, wọ́n mú un, ó di ìgbà tí ogun parí kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni méjì tí bààlúù ti já pẹ̀lú wọn rí, ni wọ́n tún jọ wọ bààlúù aláṣọ lọ sórí òkun tí kò lópin. Kí ni ká ti pe ìyẹn?

Ọ̀sán la dé Southern Cemetery, ó fẹ̀ gan-an ni, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa rìn gbẹ. Alcock wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejìlá 1919 ni wọ́n fa Vimy lé Science Museum lọ́wọ́, Alcock wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ẹ̀, ó ń dá gbé bààlúù Vickers tuntun kan, Viking, èyí tó lè bà sórí omi, lọ síbi àfihàn bààlúù ní Paris, kùrukùru bò ó mọ́lẹ̀ nítòsí Rouen, ó já sóko ẹnì kan. Ọmọ ọdún 27. Oṣù kẹfà ló sọdá Àtìláńtíìkì, oṣù kejìlá ló lọ. Àbúrò mi kàn ń sọ pé "ẹ gbọ́ ná, ẹ gbọ́ ná, Faransé tó wà nítòsí yìí?" Kò yé e. Kò yé èmi náà.

Àìkú

Bààlúù láti Manchester sí Dublin, wákàtí kan ni, mo sùn. Bọ́ọ̀sì láti Dublin sí Galway. Òjò. A jẹ púfúpúfù tí ìyàwó àbúrò mi dì fún wa, Alcock àti Brown ní tiwọn gbé sáńwíìṣì, kọfí, ṣokoléètì àti ọtí wisikí díẹ̀ dání. Wọ́n tún gbé ọmọláńgidi ológbò dúdú méjì, Lucky Jim àti Twinkletoe. Ológbò dúdú! Ìyá mi ì bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bààlúù yẹn.

Ọjọ́ Ajé, Clifden

Bọ́ọ̀sì láti Galway gba àárín òkúta àti adágún omi lọ, ilé wà lọ́kọ̀ọ̀kan, àgùntàn ló pọ̀. A sọ̀ ní Clifden, a gba takisí lọ sí Derrigimlagh torí pé ó ṣì kù díẹ̀ sí ìlú. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n là sáàárín irà, tó o bá rìn ín yípo ó tó kìlómítà márùn-ún, ẹ wọ bàtà tó lè gbomi.

Kí ló gbé irú ibi bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ Alcock? Marconi ni, ará Ítálì tó lórúkọ nídìí rédíò. Láti 1907 ni Marconi ti ní ibùdó rédíò sórí irà yẹn, ibẹ̀ ló ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sọdá òkun láìsí wáyà, irà gbígbẹ tí wọ́n ń gé nílẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sun láti fi ṣe iná mànàmáná, wọ́n tiẹ̀ ní réluwè kékeré tó ń kó o. Nígbà tí Alcock àti Brown yọ láti orí òkun ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀, àwọn òpó gíga Marconi yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n dé. Epo ṣì wà, wọ́n lè máa lọ títí dé London, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti bo àwọn òkè tó wà níwájú, wọ́n ní kí wọ́n kúkú sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí ilẹ̀ kan tó tẹ́jú, tó tutù, ewé rẹ̀ ń dán. Àwọn òṣìṣẹ́ Marconi ń juwọ́ sí wọn pé ẹ má bà síbẹ̀ o, àwọn náà ń juwọ́ padà, wọ́n rò pé wọ́n ń kí wọn káàbọ̀ ni. Aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, táyà kanlẹ̀, irà gbé e mì, imú bààlúù wọlẹ̀, ìdí ẹ̀ wà lókè. Kò sẹ́ni tó fara pa. Kò tó wákàtí mẹ́rìndínlógún tí wọ́n gbéra ní St. John's ní Newfoundland, nǹkan bíi máìlì 1,890.

Mo kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ kí n fẹsẹ̀ dán ilẹ̀ náà wò. Lóòótọ́, láti ọ̀nà, pápá ni wà á pè é. Ó rọ̀, ó ń mì, omi dúdú ń sun láti abẹ́ ewé, mo yáa padà. Kò sẹ́ni tó wà lókè tó máa mọ̀.

Lẹ́tà 197 ló wà nínú bààlúù, àwọn ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí bààlúù máa gbé sọdá Àtìláńtíìkì. Ibùdó Marconi yẹn gan-an ni ìròyìn pé wọ́n ti dé ti kọ́kọ́ jáde lọ sí gbogbo ayé, ẹ wo bí nǹkan ṣe ṣe kòńgẹ́. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Winston Churchill fún wọn ní £10,000 yẹn ní Hótẹ́ẹ̀lì Savoy ní London, wọ́n ní kí wọ́n yọ £2,000 nínú ẹ̀ fáwọn mẹkáníìkì Vickers àti Rolls-Royce. Àbúrò mi fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní, "Ẹ rí i, Brọ̀dá mi, àwọn yìí mọ̀ wá." Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, Ọba George Karùn-ún fi wọ́n joyè Sir.

Nǹkan kékeré ló kù níbùdó náà, ìpìlẹ̀ ilé, irin, pátákó àlàyé, wọ́n sun ún nígbà ogun abẹ́lé Ireland ní 1922. Òkúta funfun kan wà nítòsí ibi tí bààlúù bà sí. Lórí òkè tó dojú kọ ọ́, wọ́n mọ ohun ìrántí kan tó ní ìrísí ìrù bààlúù, a gun un, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà mi lọ. Orúkọ méjèèjì ló máa ń wà lára gbogbo ohun ìrántí wọn, Alcock ló máa ń ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ Brown ló fara da gbogbo ẹ̀ pẹ́ jù, ó ń bá ilé iṣẹ́ Metropolitan-Vickers ṣiṣẹ́ ní Swansea, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí wọ ológun òfurufú, ọmọ yẹn kú lóṣù kẹfà 1944, Brown náà kú ní 1948.

Ìṣẹ́gun

Bọ́ọ̀sì àárọ̀ padà sí Galway, a ò gbádùn, òtútù ti mú àbúrò mi. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti ń bi mí pé ibo ni wọ́n sin Brown. Tylers Green ni, ní Buckinghamshire, kò jìn sí London rárá, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ wá dé Ireland. Ó ní òun á wá fi mọ́tò gbé mi lọ síbẹ̀ lópin oṣù tí ikọ́ yìí bá lọ, epo á wá láti ọ̀dọ̀ mi.